Ọwọ́ Wọn Ló Kọ́kọ́ Jẹ Ẹ́

Ọmọ olóúnjẹ ni mí. Àmàlà, gbẹ̀gìrì àti ewédú ni màmá mi tà ní Ìbàdàn títí tí gbogbo àwa ọmọ wọn fi jáde ìwé. Àwọn oníbàárà a máa sọ pé ọmọ tó bá ti ìdí ìkòkò bẹ́ẹ̀ dàgbà kò lè mọ ebi. Òótọ́ ni, n kò mọ ebi. Ẹ̀rù oúnjẹ ni mo mọ̀, mo sì bá a dàgbà títí mo fi di abiyamọ. Bí ẹ̀rù náà ṣe kúrò nínú ilé mi ni ẹ̀rí tí mo fẹ́ jẹ́.

Ẹni tó bá dàgbà láàárín wa mọ rírọ ọmọ. Ìyá á jókòó, á na ẹsẹ̀, á tẹ́ ọmọ sórí itan. Á ká àtẹ́lẹwọ́ òsì sí ẹnu ọmọ náà, á máa fi ọwọ́ ọ̀tún da ẹ̀kọ mímu sí i. Bí ọmọ bá di ẹnu, wọ́n á fún un nímú. Bó bá ti la ẹnu láti mí, oúnjẹ á wọlé. Ó pẹ́ kí wọ́n tó jáwọ́ nínú rírọ mi, ìdí nìyẹn tí mo fi rántí rẹ̀. Mo rántí ẹ̀kọ tó ń gba imú mi jáde, mo rántí bí ọ̀nà ọ̀fun ṣe ń ta mí. Nígbà tí mo dàgbà ju rírọ lọ, ọbẹ̀ ewúro ló kàn. Pàṣán á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, wọ́n á ní kí n jẹ ẹ́ tán kí àwọn tó ka ení, èjì, ẹ̀ta. Lẹ́yìn tí mo kúrò nílé, ó pẹ́ gan-an kí n tó tún fi ewúro kan ẹnu.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì bá màmá mi wí. Ọ̀rọ̀ wọn ṣì ń bọ̀.

Obìnrin ni àkọ́bí mi. Ọmú nìkan ló mu fún oṣù mẹ́fà, bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ wa, ó sì ń dàgbà dáadáa. Ìgbà tó kan oúnjẹ ni ìjà dé. Ó ń tu ògì jáde, ó ń yí orí kúrò lára ṣíbí. Nígbà tó fi máa pé ọmọ ọdún mẹ́ta, ìrẹsì funfun, búrẹ́dì àti núdù nìkan ló ń jẹ. Bí ewé ẹ̀fọ́ kan bá fara kan ìrẹsì rẹ̀, á ti abọ́ náà sẹ́yìn, ó parí nìyẹn. Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì fa ìlà ìwọ̀n rẹ̀ sórí káàdì, ìlà náà kò gòkè mọ́. Nọ́ọ̀sì kò bú mi, kò sì tù mí nínú. Mo wọ mọ́tò, mo sunkún dé ilé.

Kò sí ẹni tí kò ní ìmọ̀ràn. Aládùúgbò kan ní kí n máa fi súìtì bẹ̀ ẹ́. Ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní aràn ni. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n fẹ́ràn ọmọ náà gan-an, ní kí n yé ṣojú àánú, kí n rọ ọ́.

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ọkọ mi nìkan ló tíì gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí ọmọ náà kò jẹ nǹkan kan láti àárọ̀, mo jókòó sórí àpótí, mo na ẹsẹ̀, mo tẹ́ ẹ sórí itan mi. Mo ká àtẹ́lẹwọ́ òsì mi sí ẹnu rẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ́ mi rí, ọwọ́ mi ló mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀. Ọmọ náà wò mí lójú. Kò sunkún, ara rẹ̀ kàn le gbagidi. Ara tèmi náà le. Mo gbé e dìde, mo fi í sáyà, mo da ẹ̀kọ náà nù. Mo sọ fún Ọlọ́run lóru yẹn pé bí ọmọ yìí yóò bá jẹun, kó má jẹ́ lọ́nà yìí, kí Ó fi ọ̀nà mìíràn hàn mí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Mo rí i pé nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti ẹ̀ka rẹ̀ ní àwọn ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2003 lórí oúnjẹ ọmọ ọwọ́, wọ́n kọ ọ́ gbangba pé kí á máa bọ́ ọmọ pẹ̀lú sùúrù, kí á máa gbà á níyànjú, kí á má fi ipá mú un. Mo kà nípa Leann Birch, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí bí ọmọdé ṣe ń kọ́ oúnjẹ jíjẹ. Òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 1982 pé bí ọmọ ọdún méjì bá ṣe ń tọ́ oúnjẹ tuntun wò léraléra, bẹ́ẹ̀ ni ìfẹ́ rẹ̀ sí i yóò ṣe máa pọ̀ sí i. Ní 1984, wọ́n fi hàn pé ọmọ tí a ṣèlérí ẹ̀bùn fún kó lè mu nǹkan, ìfẹ́ rẹ̀ sí nǹkan náà ń rẹlẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ súìtì aládùúgbò mi parí síbẹ̀. Èyí tó dá mi lágara ni ti 1987: kí ọmọ kàn máa wo oúnjẹ kò tó, àfi kó tọ́ ọ wò. Báwo wá ni màá ṣe mú ọmọ tó di ẹnu tọ́ nǹkan wò láìfi ipá mú un? N kò rí ìdáhùn nínú ìwé. Ẹ̀yìnkùlé wa ni mo ti rí i.

Nítorí owó ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ẹ̀fọ́, n kò ro ti ọmọ mọ́ ọn. Lẹ́yìn ọdún tuntun, nígbà tí ọyẹ́ bá ti gbẹ ilẹ̀, owó ẹ̀fọ́ ní ọjà Bódìjà máa ń lọ sókè. Ẹ̀yìn ilé tí a háyà kò fẹ̀ ju yàrá kan lọ, sìmẹ́ńtì sì bo ìdajì rẹ̀. Lándílọ́ọ̀dù gbà kí n lo ìyókù. Mo kó iyẹ̀pẹ̀ àti ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà sínú àwọn àpò ìrẹsì, mo dá ihò sí ìdí wọn kí omi lè máa rí ọ̀nà jáde. Mo lọ ra irúgbìn ní NIHORT, ilé ìwádìí èso àti ẹ̀fọ́ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1975, ní Ìdí-Ìṣin, ní Ìbàdàn níbí.

Ewédú ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Ẹni tó bá ti gbìn ín rí mọ̀ pé èèpo irúgbìn rẹ̀ le. Bí a bá kàn fọ́n ọn sílẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ á sùn síbẹ̀. A ní láti dì í sínú aṣọ, kí á rì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí á tètè yọ ọ́ sínú omi tútù. Ibi tí mo ti ń ṣe èyí ni ọmọ mi ti dé ẹ̀yìn mi.

"Mọ́mì, ṣé ẹ ń sè é ni?"

"Rárá o. Mò ń jí i ni. Oorun ló ń sùn."

Ó kúnlẹ̀ ti abọ́ náà. Ó ní kí n jẹ́ kí òun bá a sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà, kó tó fọ ẹnu láàárọ̀, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà lọ, á bẹ̀rẹ̀ sórí àpò: "Ṣé o ti jí?" Ìgbà tí ewé méjì àkọ́kọ́ yọ, igbe tó ké kó gbogbo ará ilé jáde.

Ewédú là á níyè, ilá ló la ẹnu rẹ̀. A gbin ilá sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Òun ló ń bomi rin ín pẹ̀lú agolo mílíìkì tí mo dá ihò sí nídìí. Òun ló ń lé tata, òun ló ń bu eérú wọ́n ewé nígbà tí kòkòrò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Ewé ilá ń yún un lọ́wọ́, kò jáwọ́. Nígbà tó tan òdòdó, mo fi hàn án pé òdòdó ilá kì í lò ju ọjọ́ kan lọ: àárọ̀ ló ń là, ó ní àwọ̀ ìyeyè, àárín rẹ̀ pupa dúdú, nígbà tí ilẹ̀ bá fi ṣú, ó ti kákò. Kì í tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí ilá tó ṣeé ká á ti wà níbẹ̀, bí a bá sì fi falẹ̀, ilá á kó, ọ̀bẹ ò ní ràn án mọ́. Ọmọ tí kì í dúró de ohunkóhun bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́.

Ó di àárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń tu koríko, ó ń dá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi. Mo gbọ́ ìró nǹkan tó ṣẹ́. Mo yíjú. Ó ti já ilá kan lórí igi, ó ti gé e jẹ, ó ń jẹ ẹ́ ní tútù, ètè rẹ̀ ń yọ̀ bí ikùn ìgbín. Ọmọ tí kò jẹ́ kí ewé kan kan ìrẹsì òun! N kò sọ nǹkan kan. Mo yíjú padà sí koríko mi, mo jẹ́ kí omijé máa bọ́. Bí mo bá yìn ín, bí mo bá pariwo, yóò mọ̀ pé ohun tí mo fẹ́ ló ṣe, mo sì fẹ́ kó jẹ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí síwá sẹ́yìn. Ohun tó hàn sí mi ni pé ọwọ́ rẹ̀ ti ń jẹ ilá náà tipẹ́ kí ẹnu rẹ̀ tó jẹ ẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ yíyún rẹ̀, imú rẹ̀ ti mọ òórùn rẹ̀ lẹ́yìn òjò, ojú rẹ̀ ti ń bá a bọ̀ láti inú irúgbìn. Ìgbà tó fi dé ẹnu, ojúlùmọ̀ ni. Oúnjẹ tí a ń gbé ka iwájú ọmọ nínú abọ́, tí kò mọ ibi tó ti wá, àlejò ni. Àwa fúnra wa la sì ń kọ́ ọmọ pé kó má ṣe gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí.

Láti ọgbà, a wọ ilé ìdáná. Ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ ká nǹkan á fẹ́ mọ ohun tí yóò dà. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú jíjá ẹ̀fọ́ kúrò lára igi rẹ̀, lẹ́yìn náà, ẹ̀wà bíbó. N kò mọ iṣẹ́ ilé ìdáná mìíràn tó bá ọwọ́ ọmọdé mu tó ẹ̀wà bíbó. A rẹ ẹ̀wà sínú omi, ọmọ á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí dé ìgúnpá, á máa fi ọwọ́ méjèèjì ra á, èèpo á léfòó, á dà á nù, á tún bu omi sí i. Omi á dà sílẹ̀, aṣọ á tutù, kò burú. Ẹ̀wà náà a máa di gbẹ̀gìrì, a máa di mọ́ínmọ́ín inú ewé eéran, a máa di àkàrà àárọ̀ Sátidé. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́fà, mo fi ìjábẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ó kọ́ pé káún tó bá pọ̀jù á ba ọbẹ̀ jẹ́, pé a kì í dé ìkòkò ewédú kí àwọ̀ rẹ̀ má bàa ṣá. Mo sọ fún un pé epo pupa tí ìyá àgbà rẹ̀ ń dà sí ẹ̀fọ́ rírò kì í ṣe fún adùn nìkan: ohun tí ara ń sọ di fítámì Éè nínú ewé, ara kì í lè gbà á dáadáa láìsí ọ̀rá díẹ̀.

Bó ṣe ń já ewédú ló ń tọ́ ọ wò. Ta ló máa sọ fún alásè pé kó má tọ́ ọbẹ̀ wò? Ọgbọ́n tí mo ń wá kiri nínú ìwé, ìdí ìkòkò màmá mi ló wà láti ilẹ̀: alásè ló ní ẹ̀tọ́ àtitọ́ ọ wò, nítorí náà mo sọ ọmọ di alásè. Kò sí ẹni tó ní kó jẹun, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Díẹ̀díẹ̀, ìlà orí káàdì yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè padà.

Nígbà tí mo lóyún ọmọkùnrin tó tẹ̀ lé e, mo ka iṣẹ́ ìwádìí onímọ̀ kan, Julie Mennella, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó jáde ní 2001. Àwọn obìnrin kan mu omi kárọ́ọ̀tì nígbà oyún tàbí nígbà tí wọ́n ń fún ọmọ lọ́mú. Àwọn ọmọ wọn fi ara mọ́ oúnjẹ tó ní adùn kárọ́ọ̀tì ju ọmọ àwọn tó mu omi lásán lọ. Mo fi irú, ẹ̀bọ̀lọ̀ àti ògúnmọ̀ sí ọbẹ̀ mi títí mo fi bímọ. N kò lè búra pé òun ló fà á, ṣùgbọ́n ọmọ yìí kò bá irú jà rí.

Òun ló wá dá ìjà mìíràn sílẹ̀. Ìyá ọkọ mi wọlé lọ́jọ́ kan, wọ́n bá a nídìí ẹ̀gúsí, ó ń bó o. "Ṣé ẹ fẹ́ sọ ọkọ mi di obìnrin ni?" Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní, "Màmá, ẹ má bínú, òun ló ní kí n fún òun." N kò bá wọn jiyàn. Àmọ́ mo gbà á gbọ́ tọkàntọkàn pé ọkùnrin tí kò lè se oúnjẹ tí yóò jẹ, ọwọ́ ẹlòmíràn ló fi ikùn rẹ̀ sí, n kò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ mi. Ní ìrọ̀lẹ́, òun ló gbé ọbẹ̀ ẹ̀gúsí náà síwájú wọn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Màmá, èmi ni mo bó o." Wọ́n jẹ ẹ́. Wọ́n ní kó tún bu díẹ̀ wá.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọgbà wa ń bọ́ ilé. Mo ṣì ń lọ sí Bódìjà. Òjò ba tòmátì wa jẹ́, ewúrẹ́ wọlé jẹ ṣọkọ mọ́lẹ̀, ọmọ mi obìnrin sì sunkún títí ó fi sùn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí kànga bá ń gbẹ, omi tí a fi ṣan ẹ̀fọ́ là ń dà sí ìdí ẹ̀fọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọmọ tó ń jẹ ohun gbogbo. Ọmọkùnrin mi kì í jẹ ẹyin sísè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò fẹ́ràn ọ̀gẹ̀dẹ̀ bíbọ̀. Ohun tó wà nínú ìkòkò ni mo ń gbé kalẹ̀. Iye tí wọ́n máa jẹ, wọ́n mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ tó bá rẹ̀ mí tibi iṣẹ́ dé, núdù là ń jẹ, ẹnìkan á sì ti sáré lọ já tẹ̀tẹ̀ sí i kí n tó sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò náà ti ń wá. Ọ̀kan wà nínú wọn tí ìyá rẹ̀ sọ pé kì í fojú rí ẹ̀fọ́. Nídìí àwo tí gbogbo wọn jọ ń tọwọ́ bọ̀, ẹ̀fọ́ ló kọ́kọ́ ń tán lọ́wọ́ rẹ̀.

Màmá mi wá lo oṣù díẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Wọ́n máa ń jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á máa wo bí àwọn ọmọ ṣe ń ká ẹ̀fọ́. Ó pẹ́ tí ìbéèrè kan ti wà lọ́kàn mi. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Màámi, kí ló dé tẹ́ ẹ fi rọ mí pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?"

Wọ́n dákẹ́. Mo rò pé mo ti ṣẹ̀ wọ́n. Wọ́n wá ní, "Méjì ló kú kí n tó bí ọ. Ìgbẹ́ gbuuru ni. Kí wọ́n tó lọ, oúnjẹ ni àwọn méjèèjì kọ́kọ́ kọ̀. Nígbà tí ìwọ náà wá ń di ẹnu, ṣé kí n máa wò ọ́ níran ni?"

N kò mọ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún mi rí pé mo ti ní ẹ̀gbọ́n méjì nílẹ̀. Ẹ̀rù tí mo rò pé tèmi ni, tiwọn ni; àtẹ́lẹwọ́ wọn ló gbà wọ ẹnu mi pẹ̀lú ẹ̀kọ. Mo dì mọ́ wọn, a sunkún, àwọn ọmọ dúró, wọ́n ń wò wá. Láti ọjọ́ yẹn, bí ẹnìkan bá sọ lójú mi pé ìkà ni ìyá tó ń rọ ọmọ, n kì í dákẹ́. Ìfẹ́ ni. Ikú ló dúró sẹ́yìn ìfẹ́ náà.

Wọ́n ní kí àwọn ọmọ wá. Wọ́n bẹ igi ewúro wá láti ilé kejì, wọ́n gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n fi hàn wọ́n bí a ṣe ń tì í bọlẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Nígbà tó rúwé, ọmọkùnrin mi já ọ̀kan, ó jẹ ẹ́, ó tu ú dànù, ó ń nu ahọ́n. Màmá mi rẹ́rìn-ín. "Ọkọ mi, má jẹ ẹ́. Ìwọ sá bá mi fọ̀ ọ́, èmi á jẹ ẹ́." Wọ́n fi iyọ̀ fọ̀ ọ́, wọ́n ń fún un, ìfófòó rẹ̀ ń dà sílẹ̀. Ọmọ mi obìnrin ló sè é. Mo bu tèmi, mo jẹ ẹ́. Ó korò, ó sì ń dùn bọ̀ lọ́nà ọ̀fun.

Ohun tó ṣì ń dùn mí ni ti ilé ẹ̀kọ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa, ìyà ni ọkọ́ àti àdá. Ọmọ tó bá pẹ́ dé, wọ́n á ní kó lọ gé koríko. Ẹni tó bá pariwo ní kíláàsì, wọ́n á fún un ní ilẹ̀ tí yóò ro. Bí pàṣán ṣe mú mi sá fún ewúro, bẹ́ẹ̀ là ń mú àwọn ọmọ sá fún ilẹ̀. Ní 1976, ìjọba ológun ìgbà náà bẹ̀rẹ̀ ètò ńlá kan kí gbogbo ará ìlú lè máa gbin oúnjẹ, wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì pàápàá lọ sóko nígbà ọlidé. Nígbà tó fi di 1980, ètò mìíràn ti gba ipò rẹ̀. Àṣẹ lè gbé ọkọ́ lé ènìyàn lọ́wọ́; ó ṣòro kó gbin ìfẹ́ ilẹ̀ sí i lọ́kàn.

Ọmọ mi obìnrin ti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama báyìí. Láàárín táàmù yìí, ó lọ bá olùkọ́ rẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun ní ilẹ̀ kékeré tó wà lẹ́yìn kíláàsì, ibi tí wọ́n ti ń jẹ àwọn ọmọ níyà gan-an. Olùkọ́ náà gbà. Wọ́n ti gbin ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n po irúgbìn tẹ̀tẹ̀ mọ́ iyanrìn gbígbẹ kó má bàa hù jọ sójú kan, bí a ṣe ń ṣe nílé. Ó ti tó gé. Ìjà tó wà nílẹ̀ láàárín wọn ni ẹni tí yóò kọ́kọ́ gé e àti ilé ẹni tí wọn yóò ti sè é. Mo ti ní kó kó gbogbo wọn wá sílé wa ní Sátidé, kí kálukú mú ata tirẹ̀ dání.